Kúìtì Kékeré Àfojúgé: Bí A Ṣe Ń Rán An Ní Àdììtú, Ìgbésẹ̀ Kan Lẹ́yìn Òmíràn

Apá mẹ́ta ni kúìtì ní: ojú tí a fi àjákù aṣọ rán pọ̀, òwú pẹlẹbẹ ní àárín, àti aṣọ ẹ̀yìn. Ìrán la fi ń so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ di ẹyọ kan. Èyí tí a ń pè ní àfojúgé kì í ní pátánì. Ojú ló ń wọ̀n ọ́n, sísọ́ọ̀sì á sì tẹ̀ lé ojú. Bó bá tún wá jẹ́ àdììtú, ẹni tó ń rán an kò ní rí àwòrán ohun tó ń rán títí yóò fi kù díẹ̀ kí iṣẹ́ parí. Olùdarí á sọ fún un pé kó rán irú báyìí mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí, irú báyìí méjì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìgbà tó bá sì tò wọ́n pọ̀ ni yóò rí ibi tí gbogbo rẹ̀ ń lọ.

Ohun kan ni kó wà lọ́kàn yín látìbẹ̀rẹ̀: inú gígé ni òmìnira wà, kò sí nínú rírán. Ẹ lè gé e wọ́, ẹ lè jẹ́ kó fẹ̀ lápá kan kó sì tín-ín-rín lápá kejì, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí. Ṣùgbọ́n àláwáńsì ìrán, ìyẹn àyè tó wà láàárín etí aṣọ àti ìlà ìrán, gbọ́dọ̀ jẹ́ ¼ íńṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìpín mẹ́sàn-án onígun mẹ́rin la máa rán pọ̀ di ojú kúìtì, ìpín kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ jẹ́ íńṣì 9½ ní òòró àti 9½ ní ìbú nígbà tí ẹ bá gé etí rẹ̀ gún. Ọ̀pọ̀ tó bá iṣẹ́ yìí jẹ́ rò pé bí wọ́n ṣe fi ojú gé e ni wọ́n ṣe lè fi ojú rán an.

Ní Amẹ́ríkà, orúkọ tó kọ́kọ́ ń jáde bí wọ́n bá dárúkọ kúìtì àfojúgé ni Gee's Bend, abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Alabama níbi tí odò Alabama ti ṣẹ́ po, tó yí ilẹ̀ náà ká lọ́nà mẹ́ta. Boykin ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọba. Àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sí oko òwú ìdílé Pettway ni àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń rán an níbẹ̀, ṣòkòtò iṣẹ́ tó ti gbó àti àpò oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ni wọ́n sì sábà máa ń gé. Ní 1942, Missouri Pettway rán odindi kúìtì láti inú aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ tó kú. Ní 2002 ni Museum of Fine Arts ní Houston pàtẹ iṣẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí, nígbà tó sì di 2006, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tẹ kúìtì wọn sórí sítáǹpù. Ẹ fi àwòrán wọn sọ́kàn, nítorí abúlé yẹn máa padà wá bá wa nínú àdììtú yìí. Ẹni tó bá sì ti fara balẹ̀ wo ẹ̀kú Egúngún rí, bí aṣọ oríṣiríṣi ṣe ń lé ara wọn tí etí wọn rí ṣóńṣó-ṣóńṣó, á mọ̀ pé fífi ojú to àjákù aṣọ kì í ṣe àjòjì sí wa.

Bí ẹ bá ń rán an ní ẹgbẹ́, kí ẹnì kan ṣoṣo ka gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí, kó sì máa fi ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí àwọn yòókù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá dá nìkan wà, ẹ ka ìwé yìí dé ibi ìdánwò ìrán, kí ẹ sì dúró. Ẹ má ka ìgbésẹ̀ tó kàn kí ẹ tó parí èyí tó wà lọ́wọ́.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Kúìtì náà máa jẹ́ íńṣì 31½ níbùú lóròó. Ó tó ohun tí a ń fi kọ́ ara ògiri, ó sì tó ohun tí ọmọdé lè jókòó ṣeré lé lórí.

- Àjákù aṣọ alárà, oríṣi 8, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó íńṣì 10 lórí 18
- Aṣọ aláwọ̀ kan tí kò ní àrà, ¾ yáàdì. Aṣọ ìsinmi la ó máa pè é
- Aṣọ fún etí àti fún ìgbátí (ọ̀já tí a fi ń bo etí kúìtì yípo), ¾ yáàdì
- Aṣọ ẹ̀yìn, yáàdì 1, tó fẹ̀ tó íńṣì 44 ó kéré tán; ẹ máa gé e sí íńṣì 36 lórí 36
- Òwú pẹlẹbẹ àárín, íńṣì 35 lórí 35
- Òwú ìránṣọ aláwọ̀ eérú, nítorí pé ó máa ń bá àwọ̀ gbogbo lọ
- Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ nọ́ńbà 12 fún ìránpọ̀, nọ́ńbà 14 fún ìgbà tí aṣọ bá di ìpele mẹ́ta
- Píìnì tó ń pa ẹnu dé, nǹkan bí 60
- Rúlà, ṣọ́ọ̀kì, sísọ́ọ̀sì tó mú tàbí ọ̀bẹ oníkẹ̀kẹ́ pẹ̀lú pátákó rẹ̀

Ẹ tún gé páálí líle kan sí íńṣì 9½ lórí 9½ gééré. Òun ni òṣùwọ̀n tí ẹ máa fi gé etí gbogbo ìpín. Bó bá yẹ̀ ní ⅛ íńṣì péré, gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló máa yẹ̀, nítorí náà ẹ fi rúlà wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin rẹ̀, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n láti igun dé igun lọ́nà méjèèjì. Bí igun sí igun méjèèjì kò bá dọ́gba, páálí náà wọ́. Ẹ gé òmíràn. Rúlà onígun mẹ́rin tó mọ́ gaara tún dára jù ú lọ, nítorí ẹ máa lè rí aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Bí òwú pẹlẹbẹ kò bá sí ní ọjà yín, flánẹ́ẹ̀lì tó ti gbó tàbí búláńkẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ tí ẹ ti fọ̀ ṣe é lò. Fóòmù ni kí ẹ yẹra fún: kì í ká, ìrán kì í sì í wọlé dáadáa nínú rẹ̀.

Kọ́tìnnì pọ́ńbélé ló rọrùn jù fún iṣẹ́ yìí. Àjákù Ànkárá láti ṣọ́ọ̀bù télọ̀ dára gan-an, àmọ́ ẹ wádìí ẹ̀ dáadáa, torí kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní Ànkárá ló jẹ́ kọ́tìnnì. Ẹ fa òwú méjì mẹ́ta yọ láti etí rẹ̀ kí ẹ sì fi iná sí i: kọ́tìnnì a máa jó bí ìwé, eérú rẹ̀ á sì rọ̀, pọliẹ́sítà á yọ́, á sì di kókó líle. Pọliẹ́sítà lè yọ́ mọ́ áyọ́ọ̀nù tó gbóná tó kọ́tìnnì. Aṣọ òkè nípọn jù, etí rẹ̀ sì ń tú. Ẹ fi sílẹ̀ ná fún ìgbà mìíràn. Léèsì náà kò bá a mu.

Ẹ fọ gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó gé ohunkóhun. Ìdí méjì ni. Sítáàṣì tó wà lára Ànkárá tuntun máa ń jẹ́ kó dà bíi pé aṣọ náà le, bí ẹ bá sì fọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti rán an, ìkan á súnkì ju ìkejì lọ. Ìdí kejì ni aró. Àdìrẹ pàápàá, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí ẹ wá fi àkísà funfun tó tutù nù ún. Bí aró bá hàn lára àkísà, kò tíì ṣe é rán mọ́ aṣọ funfun. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ fún un ní sítáàṣì díẹ̀, kí ẹ sì lọ̀ ọ́. Aṣọ tó le díẹ̀ kì í sá lábẹ́ ọ̀bẹ.

Àwọ̀, nígbà tí ẹ kò mọ ibi tí ẹ ń lọ

Ibí yìí ni àdììtú ti ń mú èèyàn. Bí ẹ bá mọ àwòrán tó ń bọ̀, ẹ lè yan pupa fún ibi yìí, àyìnrín fún ibi yẹn. Ẹ kò mọ̀ ọ́n, torí náà kì í ṣe orúkọ àwọ̀ ni kí ẹ fi yan aṣọ, bí kò ṣe bó ṣe mọ́lẹ̀ tó àti bó ṣe ṣókùnkùn tó. Ẹ to àjákù mẹ́jọ náà sílẹ̀, ẹ fi fóònù ya wọ́n ní fọ́tò, kí ẹ sì yí fọ́tò náà sí dúdú àti funfun. Nínú fọ́tò yẹn, ó yẹ kí nǹkan bíi mẹ́ta ṣókùnkùn dáadáa, kí mẹ́ta mọ́lẹ̀, kí méjì wà láàárín. Bí gbogbo wọn bá jọra bí eérú, bó ti wù kí wọ́n tàn tó lójú yín, kúìtì náà kò ní ní ojú kankan. Pupa àti ewé tútù tó ń bá ara wọn jà lójú lè di ohun kan náà nínú fọ́tò dúdú àti funfun.

Aṣọ ìsinmi gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ ju gbogbo wọn lọ tàbí kó ṣókùnkùn ju gbogbo wọn lọ. Kò gbọdọ̀ wà láàárín. Òun ni ojú máa ń bà lé kó tó tún rìn. Lára àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù fún ẹni tó fẹ́ràn Ànkárá ni pé kó má fẹ́ lo aṣọ aláwọ̀ kan rárá. Àrà á bo àrà mọ́lẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní hàn. Ẹ kọ Ṣ sí ẹ̀yìn èyí tó ṣókùnkùn, M sí èyí tó mọ́lẹ̀, À sí ti àárín, lórí ìlẹ̀mọ́ kékeré. Lẹ́tà yìí la ó máa lò.

Ìdánwò ìrán

Àwọn télọ̀ wa máa ń fi àláwáńsì íńṣì kan sílẹ̀ kí aṣọ lè ṣe é tú fẹ̀ bí oníaṣọ bá sanra. Ọwọ́ tó ti mọ́ ìyẹn lára gbọ́dọ̀ kọ́ ¼ íńṣì. Ẹ wọn ¼ íńṣì sápá ọ̀tún abẹ́rẹ́ lórí irin ẹ̀rọ, kí ẹ sì lẹ tépù ìlẹ̀mọ́ síbẹ̀ láti jẹ́ ògiri fún etí aṣọ. Gígùn ìrán, 2.2 mílímítà, bí ẹ̀rọ yín kò bá ní nọ́ńbà, kí ìrán bí 11 tàbí 12 wà nínú íńṣì kan.

Ẹ gé aṣọ mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan íńṣì 1½ ní ìbú àti 4 ní gígùn. Ẹ rán wọn pọ̀ ní gígùn, ẹ lọ̀ wọ́n, kí ẹ sì wọn ìbú wọn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 3½, kí ti àárín sì jẹ́ íńṣì 1 gééré. Bó bá jẹ́ 3¼, ìrán yín jinlẹ̀ jù: ẹ sún tépù mọ́ abẹ́rẹ́ díẹ̀. Bó bá jẹ́ 3¾, ẹ sún un jìnnà. Ẹ má tẹ̀ síwájú títí yóò fi di 3½.

Áyọ́ọ̀nù náà ní ọ̀nà rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ gbé e, ẹ tún un tẹ̀. Bí ẹ bá fà á bí ẹni tó ń lọ ṣòkòtò, aṣọ tí a gé wọ́ á nà, ìpín yín á sì di bí ewé gbígbẹ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Poro (ìpín mẹ́ta)

Ẹ gé ọ̀já aṣọ tí gígùn rẹ̀ tó íńṣì 11. Kí ìbú rẹ̀ wà láàárín 1 sí 2½, kí orí àti ìdí rẹ̀ má dọ́gba: bí 1¼ lókè, 2 nísàlẹ̀. Ojú ni kí ẹ fi yan igun rẹ̀, àmọ́ rúlà ni kí ẹ fi gé e, nítorí etí tó ṣe kọ́lọkọ̀lọ kò ní bá ìkejì dọ́gba. Ọ̀já bíi mẹ́jọ ló ń kún ìpín kan. Nínú mẹ́jọ náà, kí méjì tàbí mẹ́ta jẹ́ aṣọ ìsinmi, kí Ṣ àti M sì máa tẹ̀ lé ara wọn.

Ẹ kọjú wọn síra, ẹ rán an. Ẹ yí orí àti ìdí padà ní ọ̀já kọ̀ọ̀kan, kí apá tó fẹ̀ má bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìpín náà á ṣí bí abẹ̀bẹ̀. Ẹ tún máa yí apá tí ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrán padà: bí ẹ bá rán èyí láti òkè, kí ẹ rán èyí tó kàn láti ìsàlẹ̀. Bí gbogbo ìrán bá gba ọ̀nà kan, ìpín náà á tẹ̀ bí ọrun.

Ẹ lọ gbogbo àláwáńsì sí apá kan. Ẹ gbé páálí lé e, ẹ yí páálí náà díẹ̀ kí ọ̀já má bàa dúró gbọnrangandan, kí ẹ sì gé. Ẹ wo etí kí ẹ tó gé e: bí ọ̀já tó kẹ́yìn bá kù ní ½ íńṣì sí etí, ìdajì rẹ̀ á wọ inú ìrán, ìyókù á dà bí àṣìṣe. Ẹ sún páálí títí tí yóò fi tó ¾ ó kéré tán.

Ohun kan tí àwọn tó ń kọ́ ọ kì í fẹ́ gbọ́: ẹ gé e wọ́ dáadáa. Ọ̀já tó yẹ̀ ní ⅛ íńṣì péré dà bí èyí tí ọwọ́ ṣìṣe. Èyí tó yẹ̀ ní ½ tàbí ¾ ló ń sọ pé ẹni tó gé e mọ̀ ọ́n mọ̀ gé e ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: Òrùlé (ìpín mẹ́ta)

Housetop ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ ní Gee's Bend: àkámọ́ inú àkámọ́, bí ẹni dúró sójú ọ̀run tó ń wo òrùlé. Ẹ gé àárín rẹ̀ sí nǹkan bí íńṣì 2½ sí 3, onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò dọ́gba. Aṣọ kan náà ni kó jẹ́ àárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó sì jẹ́ èyí tó tàn jù lọ́wọ́ yín. Ó ń so wọ́n pọ̀ bí wọ́n tiẹ̀ jìnnà síra.

Ẹ gé ọ̀já tó fẹ̀ tó 1½ sí 2½. Ẹ rán ọ̀kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ síta, ẹ gé orí rẹ̀ tó yọ kúrò. Ẹ yí i sápá ọ̀tún, ẹ rán ìkejì mọ́ ẹ̀gbẹ́ tó kàn, títí yóò fi yí àárín po. Ìyípo kan gba ọ̀já mẹ́rin. Ìyípo mẹ́ta, ìyẹn ọ̀já méjìlá, máa ń gbé e kọjá íńṣì 10. Ẹ fi Ṣ ṣe ìyípo kan, M tàbí aṣọ ìsinmi ṣe èyí tó tẹ̀ lé e.

Níbo ni wíwọ́ rẹ̀ ti ń wá? Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ ọ̀já kan, ẹ gbé rúlà dábùú rẹ̀ kí ẹ sì gé etí òde rẹ̀ wọ́, kó fẹ̀ ní 2 lápá kan, kó jẹ́ 1 lápá kejì. Kò gbọdọ̀ kéré sí ¾, kí ½ lè hàn lẹ́yìn ìrán. Ẹ má gé gbogbo ọ̀já wọ́ sí ọ̀nà kan náà, àyàfi tí ẹ bá fẹ́ kí òrùlé náà máa yí bí ìjì.

Òrùlé ló ń fa wàhálà jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí àárín rẹ̀ bá wú sókè bí ìdérí ìkòkò, ẹ ti fa ọ̀já nígbà tí ẹ ń rán an, tàbí kí ẹ ti gé e kúrú tẹ́lẹ̀ kí ẹ wá nà án kó tó. Ẹ jẹ́ kí ọ̀já máa gùn ju ẹ̀gbẹ́ tó ń lọ sí ní íńṣì kan, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ láìfà á. Bí etí ló ń ṣe wéréwéré tí àárín sì tẹ́, a jẹ́ pé etí tó nà ni: ẹ ti lo ooru áyọ́ọ̀nù olómi jù lórí etí tí a gé dábùú okùn aṣọ. Kò sí oògùn fún méjèèjì ju kí ẹ fi abẹ tú ìyípo tó kẹ́yìn, kí ẹ sì tún un rán. Ẹ má retí pé rírán an mọ́ òwú pẹlẹbẹ máa tẹ́ ẹ. Kì í tẹ́ ẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Oríta (ìpín méjì)

Ẹ gé aṣọ ìsinmi sí íńṣì 10½ lórí 10½, ẹyọ méjì. Ẹ gé ọ̀já mẹ́rin láti inú Ṣ bí aṣọ ìsinmi bá mọ́lẹ̀, tàbí M bó bá ṣókùnkùn: 1¼ ní ìbú, 12 ní gígùn.

Ẹ gé aṣọ ìsinmi kan já láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ìdábùú tó wọ́, kì í ṣe ní àárín gan-an. Ẹ rán ọ̀já kan sáàárín apá méjèèjì, ẹ tẹ àláwáńsì sí apá ọ̀já. Ẹ tún gé e já lápá kejì, kí ó kọjá lórí ọ̀já àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi ọ̀já kejì sí i. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ọ̀já 1¼ ń fi ¼ íńṣì kún ìpín, nítorí pé ìrán méjì máa ń jẹ íńṣì kan. Ọ̀já tó bá jẹ́ íńṣì 1 kì í fi nǹkan kún un, kì í sì í yọ nǹkan kúrò. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè fi ọ̀já kẹta sí i bó bá wù yín, láìbẹ̀rù pé kò ní tó 9½.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé. Lẹ́yìn tí ẹ bá rán ọ̀já kejì mọ́ apá kan, ọ̀já àkọ́kọ́ tó wà lápá kejì kì í bọ́ síbi tó yẹ fúnra rẹ̀. Á dà bí ọ̀nà tó já. Ẹ fi rúlà àti ṣọ́ọ̀kì fa ìlà ọ̀já àkọ́kọ́ kọjá lórí ọ̀já kejì. Ẹ wá fi píìnì gún ìlà yẹn ní ¼ íńṣì sí etí, kí ẹ gún etí ọ̀já apá kejì ní ¼ bákan náà, kí píìnì kan ṣoṣo so wọ́n. Ẹ rán íńṣì méjì péré níbẹ̀, ẹ ṣí i wò. Bó bá bára mu, ẹ rán ìyókù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Odò (ìpín kan)

Ọ̀kan ṣoṣo la ó rán, àmọ́ òun ni gbogbo èèyàn máa ń bẹ̀rù. Ẹ gé aṣọ mẹ́ta, gígùn gbogbo wọn 11: bèbè méjì tí ìbú wọn jẹ́ 5½, àti omi tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 6. Kí omi jẹ́ aṣọ tí ẹ kò tíì lò púpọ̀.

Ẹ tẹ́ bèbè kan àti omi sílẹ̀, kí ojú aṣọ méjèèjì kọ sókè. Èyí ló yàtọ̀ sí gbogbo ìrán yòókù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gun ara wọn ní íńṣì 2. Láàárín íńṣì 2 yẹn, ẹ gé aṣọ méjèèjì já lẹ́ẹ̀kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ọ̀bẹ máa ṣe kọ́lọkọ̀lọ jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá lè gbé àwo oúnjẹ ńlá sínú ibi tó tẹ̀, ó tẹ̀ mọ níwọ̀n. Bó bá jẹ́ ife nìkan ló lè gbà, ó ti pọ̀ jù, kò ní ṣe é rán. Ẹ mú èékù ti òkè kúrò, kí ẹ mú ti abẹ́ náà. Etí méjèèjì tó kù bára mu bí eyín àti eyín. Kí ẹ tó sún wọn kúrò, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kéékèèké kọjá etí méjèèjì ní gbogbo íńṣì méjì.

Ẹ wá dojú wọn kọra. Wọn kò ní fẹ́ bára mu mọ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ pàdé ìlà ṣọ́ọ̀kì àkọ́kọ́, ẹ rán dé ibẹ̀, ẹ dúró kí abẹ́rẹ́ wà nínú aṣọ, ẹ fi ọwọ́ tún etí tó kàn ṣe kó pàdé, ẹ tún rán. Íńṣì kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má fa èyíkéyìí nínú wọn. Lẹ́yìn ìrán, ẹ tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà láti ojú. Bí ibì kan bá ká jọ, ẹ gé àláwáńsì ibẹ̀ lẹ́nu díẹ̀, kó má ju ⅛ lọ, kí ẹ má bàa gé ìrán. Ẹ wá ṣe bákan náà fún bèbè kejì. Ohun tó máa kù lọ́wọ́ yín fẹ̀ tó íńṣì 12. Ẹ yan ibi tí odò náà ti rẹwà jù, ẹ gbé páálí lé e, ẹ gé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Títò

Poro oko, òrùlé, oríta, odò: abúlé létí omi ni ẹ ti ń rán, bí ẹyẹ ṣe máa rí i láti òkè. Ẹ tò ó báyìí, láti òsì sí ọ̀tún:

Ìlà àkọ́kọ́: Poro, Òrùlé, Oríta.
Ìlà kejì: Òrùlé, Odò, Poro.
Ìlà kẹta: Oríta, Poro, Òrùlé.

Kò sí méjì tó jọra tó fẹ̀gbẹ́ kanra níbẹ̀. Ipò wọn ni ìtọ́sọ́nà yìí sọ. Ìdojúkọ wọn kù sọ́wọ́ yín. Ẹ yí ìpín kọ̀ọ̀kan lọ́nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ jẹ́ kí poro kan dúró, kí òmíràn dùbúlẹ̀. Ẹ rìn sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ẹ tún ya fọ́tò dúdú àti funfun. Bí gbogbo òkùnkùn bá kó jọ sí igun kan, ẹ yí nǹkan.

Bí ìpín kan kò bá tó 9½, ẹ má na án. Ẹ rán ọ̀já 1½ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tó kúrú, kí ẹ tún gbé páálí lé e. Nínú kúìtì àfojúgé, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ẹ rán ìpín mẹ́ta pọ̀ di ìlà. Ẹ lọ àláwáńsì ìlà àkọ́kọ́ àti ìkẹta sí ọ̀tún, ti ìkejì sí òsì, kí wọ́n lè wọ inú ara wọn níbi tí ìlà bá ti pàdé. Àpapọ̀ rẹ̀ máa jẹ́ 27½. Láti inú aṣọ etí, ẹ gé ọ̀já tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 2½: méjì tó gùn ní 27½, méjì tó gùn ní 31½. Ẹ rán àwọn tó kúrú mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì àti ọ̀tún, kí ẹ tó rán àwọn tó gùn mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀. Ẹ wọn ọ̀já etí kí ẹ tó rán an. Bí ẹ bá kàn ń rán an lọ tí ẹ wá gé èyí tó bá kù lẹ́yìn, etí kúìtì á máa jó.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìpele mẹ́ta, ìrán òkè àti ìgbátí

Ẹ tẹ́ aṣọ ẹ̀yìn sórí ilẹ̀ tó mọ́, kí ojú rẹ̀ dojú bolẹ̀, kí ẹ sì fi tépù lẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó le koránkorán láìnà. Òwú pẹlẹbẹ lé e, lẹ́yìn náà ojú kúìtì. Ẹ fi píìnì gún un láti àárín lọ síta, kí àyè àárín píìnì má ju íńṣì 4 lọ, ìyẹn fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́. Bí aṣọ ẹ̀yìn bá ká jọ lẹ́yìn ìrán, àìtó píìnì ló sábà máa ń fà á.

Ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ sí nọ́ńbà 14, kí gígùn ìrán di mílímítà 3. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Fún kúìtì yìí, ìlà tó ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ bí odò yẹn, láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó jìnnà síra ní íńṣì 1½ sí 2, ló dára jù lójú tiwa: ó bá àárín mu, kò sì fi ọwọ́ tí kò dúró ṣinṣin hàn bí ìlà gbọnrangandan ṣe ń fi hàn. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tó ń fa ìpele òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀ ló yẹ. Bí ẹ kò bá ní i, ẹ dín agbára tí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ fi ń tẹ aṣọ, kí ẹ sì rán díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tó lè gba ìpele mẹ́ta lè fi ọwọ́ rán an pẹ̀lú òwú tó nípọn.

Ẹ gé etí rẹ̀ gún sí 31½, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró ṣánṣán. Bí ẹ bá fẹ́ fi kọ́ ògiri, ẹ gé aṣọ méjì sí íńṣì 4 lórí 4, ẹ ká ọ̀kọ̀ọ̀kan láti igun dé igun, kí ẹ sì so wọ́n mọ́ igun òkè méjèèjì ní ẹ̀yìn. Ìgbátí á gbé etí wọn mì, ẹ máa lè ti ọ̀pá pẹlẹbẹ bọ àárín wọn.

Fún ìgbátí, ẹ gé ọ̀já mẹ́rin tí ìbú wọn jẹ́ 2½ láti etí dé etí aṣọ. Mẹ́ta kò ní tó: yíyí kúìtì ká jẹ́ íńṣì 126, ẹ sì nílò nǹkan bíi 10 lé e fún igun àti ìsopọ̀. Ẹ so wọ́n pọ̀ ní ìdábùú, ẹ ká a sí méjì ní gígùn, ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ kó etí rẹ̀ tó ṣí mọ́ etí ojú kúìtì, ẹ fi íńṣì 8 sílẹ̀ láìrán ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa rán an ní ¼. Nígbà tó bá ku ¼ kí ẹ dé igun, ẹ dúró, ẹ gé òwú. Ẹ ká ọ̀já sókè kó lọ tààrà kúrò lọ́dọ̀ yín, ẹ tún ká a padà sísàlẹ̀ kí ibi tó ká bá etí òkè dọ́gba, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tó kàn láti orí pátápátá. Nígbà tí ẹ bá padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí orí méjèèjì gun ara wọn ní íńṣì 2½ gééré, ẹ gé ìyókù, ẹ ṣí wọn, ẹ rán wọn pọ̀ ní ìdábùú. Ẹ ká ìgbátí sí ẹ̀yìn kó bo ìlà ìrán, kí ẹ sì fi ọwọ́ rán an mọ́lẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tín-ín-rín.

Ẹ kọ orúkọ yín àti ọdún sí àjákù aṣọ kékeré kan, kí ẹ rán an mọ́ igun ẹ̀yìn. Fún fífọ̀ rẹ̀, omi tútù, ọṣẹ díẹ̀, ẹ má fún un. Ẹ tẹ́ ẹ síbi tí òòrùn kò ti ní pa á tààrà títí yóò fi gbẹ.